Mọ́nítọ̀, Tòkunbọ̀, Àlòtúnṣe

Ẹ̀rọ-aṣàfihàn-iṣẹ́-kọ̀ǹpútà! Mọ́nítọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ o. Kí ẹni tó ń wá èyí tí kò wọ́n fún ọ́fíìsì inú ilé rẹ̀ tó pe orúkọ yìí délẹ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, oníbàárà mìíràn á ti sanwó, á ti gbé e lọ. Àwa tí à ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ la fà á. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tó ti ọwọ́ Ayọ̀ Bámgbóṣé jáde ní 1984, ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ló dá lé. Ọ̀rọ̀ ọjà ló kù sí wa lọ́wọ́, gbólóhùn gbọọrọ la sì ń fi dí i.

Kọ̀ǹpútà, wáyà, kíbọ́ọ̀dù: wọ́n ti wọlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ayára-bí-àṣá tí wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà dùn-ún gbọ́ lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ń ná an lọ́jà.

Mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò. Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ‘kìlọ̀’ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ilé ìwé la sì ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, lára ọmọ tó ń kọ orúkọ aláriwo sílẹ̀ fún tíṣà. Ẹni tó bá ṣáà fẹ́ ti ilé, ọ̀nà wà. Amóhùnmáwòrán la pe tẹlifíṣọ̀n: a-mú-ohùn-mú-àwòrán. Yọ ohùn kúrò, amáwòrán ló kù. Ó bá a mu, nítorí wáyà VGA tó wà lára ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ àtijọ́, àwòrán nìkan ló ń gbé, kò gbé ohùn; HDMI ló ń gbé méjèèjì. Amáwòrán nínú ìwé, mọ́nítọ̀ lọ́jà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìjà wà ni orúkọ èyí tí wọ́n ti lò, tí wọ́n yẹ̀ wò, tí wọ́n pààrọ̀ ohun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ kí wọ́n tó tún un tà. Tòkunbọ̀ kọ́ nìyẹn. Ti-òkun-bọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun kó tó di ti mọ́tò àti fíríìjì. Ọ̀nà tí nǹkan gbà dé ló ń sọ, kò sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Àlòkù ńkọ́? À-lò-kù, bí à-jẹ-kù. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ ó dúró síbi ìlò. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan náà lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan ní ká pè é ní àsọdọ̀tun. Irọ́ ni! Iná tó wà lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì bí wọ́n ṣe ń lò ó, nínù kankan kò sì lè dá a padà. Àtúnṣe, ẹ̀wẹ̀, fi ìlò pa mọ́, àwọn aṣòfin sì ti gbà á lọ.

Àlòtúnṣe ni mo fara mọ́: à-lò-tún-ṣe. Ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé wọ́n ti lò ó, kó tó fi iṣẹ́ ọwọ́ yangàn. Wọ́n á ní ‘túnṣe’ ń fi hàn pé nǹkan bàjẹ́ rí. Rárá. A máa ń tún ilé ṣe láìjẹ́ pé ilé wó. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ yìí náà, ilé iṣẹ́ kàn fi tuntun rọ́pò wọn ni.

Orúkọ kan ló tún kù: àwọn àmì tóótòòtó tó tò jọ di àwòrán, tó lé ní 2,000,000 lójú mọ́nítọ̀ 1920 × 1080, ẹyọ ni mo pè wọ́n. Èyí tí kò tàn mọ́, ẹyọ tó kú. Ó parí.

Ọlọ́jà tó bá wá ní àlòtúnṣe lòun ń tà, kó sọ èyí tí wọ́n tún ṣe níbẹ̀: ṣé iná ẹ̀yìn ni, ṣé ibi tí iná ń gbà wọlé ni, àbí aṣọ ni wọ́n kàn fi nù ún?