Owó Puffin ti Erékùṣù Lundy: Ọba Tí Kò Ní Ìjọba

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè pé kí ni ó sọ owó di owó, èsì tí wọn yóò fọ̀ ni pé àṣẹ ọba ni. Wọn yóò tọ́ka sí àwòrán orí ọba tí ó wà lára ṣílè àtijọ́, wọn yóò sì sọ pé orí náà ni ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yẹ ìtàn wò dáradára yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn owó tí a ṣe fún erékùṣù Lundy ní ọdún 1929 jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ó lè là wá lójú, nítorí pé níbẹ̀ ni ọkùnrin kan ti fi orí ara rẹ̀ sára owó bí ẹni pé ọba ni, tí àwọn ènìyàn sì ń ná owó náà.

Lundy jẹ́ erékùṣù kékeré kan ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ojú omi tí ó wọlé láti òkun lọ sí ìhà Bristol. Ó kọjú sí etíkun Devon. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí máìlì mẹ́ta, ìbú rẹ̀ kò sì tó máìlì kan. Òkúta líle ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tí ó ń gbé orí rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Èdè àwọn ará Àríwá Yúróòpù àtijọ́ ni a ti mú orúkọ rẹ̀, a sì gbà pé ẹyẹ òkun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní puffin ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1925, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Martin Coles Harman, ẹni tí ó ń fi owó ṣòwò ní London, ra erékùṣù náà. Kì í ṣe ọmọ ọba, a kò sì fi í jẹ oyè kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di èrò kan mú, pé Lundy kì í ṣe ara ilẹ̀ tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso bí ó ti ń ṣàkóso Devon, pé ilẹ̀ tí ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọba Lundy. Ní ìparí ọdún 1927, ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba tí ó wà níbẹ̀ kógbá wọlé. Nígbà tí ó di ọdún 1929, Harman tẹ sítáǹbù tirẹ̀ jáde, puffin ni ó sì fi ka iye wọn.

Ní ọdún yìí kan náà ni ó ní kí ilé iṣẹ́ kan tí ń rọ owó ní Birmingham bá òun ṣe owó onírin. Oríṣi méjì ni: puffin kan, tí ó ṣe déédéé kọ́bọ̀ kan ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àti ìdajì puffin, tí ó ṣe déédéé eépìnnì. Ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, èyí tí í ṣe 50,000, ni a ṣe nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Orí Harman àti orúkọ rẹ̀ wà ní ojú kan. Ẹyẹ puffin wà ní ojú kejì. Ní etí owó náà, wọ́n kọ gbólóhùn kan tí ó túmọ̀ sí pé Lundy ń tan ìmọ́lẹ̀, ó sì ń ṣe amọ̀nà.

Àwọn ará erékùṣù gba owó náà, wọ́n sì ń ná an. Ṣùgbọ́n ọba kì í pé méjì láàfin. Ní ọdún 1930, wọ́n pe Harman lẹ́jọ́ níwájú àwọn adájọ́ Bideford ní Devon, lábẹ́ òfin owó ti ọdún 1870. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀sùn náà kì í ṣe ti ayédèrú owó. Harman kò ṣe àfarawé owó ọba Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ara rẹ̀ ni ó kọ sí tirẹ̀. Ohun tí òfin náà kà léèwọ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni ṣe irin kan jáde láti dúró bí owó láìgba àṣẹ. Harman jiyàn pé ọwọ́ òfin náà kò dé Lundy. Àwọn adájọ́ kò gbà. Wọ́n ní kí ó san ìtanràn £5, kí ó sì san owó ẹjọ́. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní London, ṣùgbọ́n ní ọdún 1931, ó tún jẹ̀bi níbẹ̀. A kó owó puffin kúrò lọ́jà. Ó di ohun tí àwọn tí ń ṣa owó àtijọ́ jọ ń wá kiri.

Kí ni Harman ṣaláìní? Ó ní owó, ó ní orí lára owó, ó sì ní àwọn tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí kò ní ni àṣẹ tí ẹlòmíràn kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi lè sọ pé ọba inú àlá ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin gidi ni owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi èyí wé ìtàn tiwa. Àwọn ọba Yorùbá ní ìlú, wọ́n ní ààfin, wọ́n ní àṣẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí orí rẹ̀ wà lára owó ẹyọ. Láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni owó ẹyọ àkọ́kọ́ ti ń wá. Ogójì ni a ń sín sí okùn kan; àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá; ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ ọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Ó wọ inú èdè wa títí tí a fi ń sọ pé oókan, èyí tí àwọn onímọ̀ sọ pé ó ti inú “owó ọ̀kan” wá.

Síbẹ̀, owó yìí náà ní àléébù tirẹ̀. Láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ará Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó oríṣi ẹyọ mìíràn wá láti ìhà Zanzibar sí etíkun wa. Kò sí ọba tí ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ẹyọ ti ń pọ̀ sí i ni iyì rẹ̀ ń dínkù, títí tí ọ̀kẹ́ kan odidi fi di ṣílè márùn-ún péré. Ẹni tí ó ti kó ọrọ̀ rẹ̀ jọ sínú àpò ẹyọ rí i tí ó ń yọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1912, àṣẹ lórí owó ti kúrò lọ́wọ́ àwọn ọba wa pátápátá.

Láti inú ìtàn méjèèjì yìí, a rí i pé ohun mẹ́ta ni ó ń gbé owó ró: ìtẹ́wọ́gbà àwọn tí ń ná an, àṣẹ tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, àti ìwọ̀n tí kò jẹ́ kí ó pọ̀ ní àpọ̀jù. Puffin rí ìtẹ́wọ́gbà, ṣùgbọ́n kò rí àṣẹ. Owó ẹyọ rí ìtẹ́wọ́gbà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń fi ọkọ̀ òkun kó o wá. Àwòrán orí ọba kò lè dípò ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀kọ́ yìí kò yẹ kí ó parí sórí ìwé. Láti ọdún 1973 ni náírà ti di owó wa. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ máa kọ́ àwọn ọmọ láti béèrè nípa rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe ẹni tí ń ṣọ́ ìwọ̀n rẹ̀, àti bí ó ti ń ṣọ́ ọ. Nítorí pé bí ìwọ̀n bá bàjẹ́, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ tí ó sì fi owó pamọ́ ni yóò san gbèsè náà.