Ta Ni Atọ́kùn? Àgbéyẹ̀wò Èrò Àwọn Ènìyàn nípa Ètò Oúnjẹ àti Ìrìn-àjò lórí Tẹlifíṣọ̀n

1. Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ètò oúnjẹ àti ìrìn-àjò tí àwọn àjèjì ń ṣe nípa ilẹ̀ wa lórí tẹlifíṣọ̀n, àti èrò tí àwọn ènìyàn ní nípa àwọn tí ń darí wọn. Ìbéèrè wa ni èyí: ẹ̀rí kí ni irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún òpìtàn, ta ni ó sì ń jẹ́rìí nínú rẹ̀?

Atọ́kùn ni Yorùbá ń pe ẹni tí ó ń darí ètò. Láti inú eégún ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà. Atọ́kùn eégún ni ó ń ṣíwájú, tí ó mọ ọ̀nà, tí ó sì ń túmọ̀ ohùn eégún fún àwọn ará ìlú. Ìtumọ̀ yìí ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n.

2. Àwọn aṣáájú

Irú ètò yìí ti ní baba kí tẹlifíṣọ̀n tó dé. Ní 1825 ni Hugh Clapperton àti Richard Lander gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Wọ́n rìn dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826. Lander àti John, àbúrò rẹ̀, tún padà wá ní 1830. Àkọsílẹ̀ wọn nípa ọjà, oúnjẹ àti ààfin wà lára ohun tí a fi ń kọ ìtàn Ọ̀yọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n William Pascoe, ọmọ Hausa tí ó ti ń jẹ́ Abubakar tẹ́lẹ̀, bá wọn rìn gẹ́gẹ́ bí ògbifọ̀ àti ìránṣẹ́. Orúkọ àwọn tí ó sìn wá ni ó wà níwájú ìwé. Tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ara rẹ̀ wo ara rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. A dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí sì ni ilé-iṣẹ́ OSBC fìdí kalẹ̀ sí. Ètò àwọn àjèjì kò tìtorí èyí dáwọ́ dúró.

3. Èrò àwọn ènìyàn

Ní 2010, BBC ṣe Welcome to Lagos ní apá mẹ́ta. Ààtàn Olúsòsùn àti Makoko wà lára ibi tí wọ́n yà. Ohùn David Harewood ni a gbọ́. A kò rí i. Ìjọba Nàìjíríà fi ẹ̀hónú hàn, Wọlé Ṣóyínká sì bẹnu àtẹ́ lu ètò náà pé ojú ẹ̀gàn ni ó fi wo ìlú. Àwọn mìíràn dáhùn pé akíkanjú òṣìṣẹ́ ni àwọn tí a rí nínú rẹ̀.

Ní 2014, PBS ti Amẹ́ríkà gbé Sacred Journeys with Bruce Feiler jáde, ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìrìn-àjò ìsìn mẹ́fà tí ó wà níbẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n wá bọ Ọ̀ṣun ni ètò náà tẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀ ni àlejò ṣe fi ojú àlejò wo Àrugbá.

Ní 2017 ni CNN gbé ètò Anthony Bourdain nípa Èkó jáde. Alásè ni Bourdain, ó sì jókòó ti àwọn onílé bíi Femi Kuti àti Kadaria Ahmed, ó jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìlú wọn. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi yìn ín, ìyìn náà sì tọ́. Síbẹ̀, Parts Unknown ni àkọlé ètò rẹ̀, ìyẹn ibi tí a kò mọ̀. Ta ni kò mọ Èkó? Ní 2024, ètò Michael Palin in Nigeria jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú mẹ́ta tí ó ní olùdarí tí a fojú rí, orúkọ àlejò ni ó wà lára àkọlé.

4. Ìtúpalẹ̀

Lójú wa, àríyànjiyàn lórí ìyìn àti ẹ̀gàn kò tíì kan gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn. Yorùbá ti ń díwọ̀n oúnjẹ, wọ́n sì ti ń tò ó ní ipò-ipò, kí àjèjì kankan tó tọ́ ọ wò. Ẹni tí ó tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan tí ó ní ó dùn, ẹnu ara rẹ̀ ni ó ń jẹ́rìí sí. Ìyìn rẹ̀ kò wúwo ju ẹ̀gàn rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nípa wa. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran.

Ohun tí ó wúlò jù fún òpìtàn wà lẹ́yìn rẹ̀: ohun tí ó wà nínú àwo, iye tí olóúnjẹ ń tà á, aṣọ ọrùn rẹ̀, ohùn ẹni tí ó ń túmọ̀. Bí a bá tẹ̀ lé òṣùwọ̀n wa, ẹni tí ó mú àlejò dé ìdí ìkòkò ni atọ́kùn. Àlejò ni a ń tọ́ káàkiri, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó gba orúkọ náà.

5. Ìkádìí

A dá a lábàá pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wá àwọn atọ́kùn wọ̀nyí lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé: àwọn olóúnjẹ, awakọ̀, ògbifọ̀ àti abọrẹ̀ tí wọ́n gba ayàwòrán lálejò ní Òṣogbo àti Iléṣà. Kí a bi wọ́n ní ohun tí a béèrè lọ́wọ́ wọn, ohun tí a sọ pé kí wọ́n tún ṣe, àti ohun tí wọ́n kọ̀ láti fi hàn. Kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tí ń ya irú ètò yìí lábẹ́lé náà máa ṣe bákan náà. Bí a kò bá ṣe é, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Pascoe yóò ṣẹlẹ̀ sí wọn, ọmọ wa yóò sì máa ka ìtàn Òṣogbo láti ẹnu ẹni tí kò sùn níbẹ̀ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ.