Twins Seven-Seven: Ọmọ Ògìdì Tó Ṣe Àtìpó ní Philadelphia

Bí a bá ti dárúkọ ayàwòrán Twins Seven-Seven, Òṣogbo ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Lóòótọ́, Òṣogbo ló ti di gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n Ògìdì ní Ìjùmú ni wọ́n bí i sí ní 1944. Ẹ má gbàgbé pé títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, Kàdúná níbí ni olú-ìlú ìjọba tó ń ṣe àkóso Ìjùmú. Ìpínlẹ̀ Kogi kò dé títí di 1991. Ọmọ Òkè-Ọya bí tiwa ni.

Táíwò Ọláníyì ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn tó máa ń sọ ni pé ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá òun bí ìbejì, òun nìkan ló sì yè nínú gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ Seven-Seven ti wá. Ẹni tó bá mọ ohun tí àbíkú ń fi ojú ìyá rí kò ní béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ àbíkú fi wọ inú àwòrán rẹ̀.

Ijó ló jó dé Òṣogbo ní 1964, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń ta oògùn kiri. Ulli Beier rí i ní Mbárí Mbáyọ̀, ó ní kó dúró. Níbi ẹ̀kọ́ tí Georgina Beier ń ṣe, ó kọ́ láti máa fa ilà sára páànù irin, kí ásíìdì jẹ ibẹ̀ wọlé, kí wọ́n fi yíǹkì kún un, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Páànù kan ṣoṣo lè bí ọ̀pọ̀ àwòrán. Ilà wẹ́wẹ́ tó kún bo gbogbo bébà yẹn kò fi í sílẹ̀ mọ́.

Ní 1989 àwòrán rẹ̀ wà nínú àfihàn ńlá Magiciens de la Terre ní Paris. Síbẹ̀, nígbà tó ti ń gbé Amẹ́ríkà, nǹkan le fún un ní Philadelphia débi pé iṣẹ́ tó rí ṣe ni kó máa bójú tó ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà kan tí wọ́n ń pè ní Material Culture. Ọkùnrin tí Paris mọ̀! Nígbà tí ẹni tó ni ilé ìtajà náà mọ ẹni tó jẹ́, ó fún un ní àyè láti máa yàwòrán. Òrìṣà, ẹ̀mí àti ìtàn ayé ara rẹ̀ ló ń yà níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Henry Glassie kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 2010, ó sì pe ìgbé ayé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìgbèkùn. Èmi kò fara mọ́ ọn. Kò sí ìjọba tó lé e nílùú. Àtìpó ni, bí àwa náà ti ń pe ara wa.

UNESCO fi oyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà dá a lọ́lá ní 2005. Ìbàdàn, ìlú bàbá rẹ̀, ló kú sí ní 16 Okúdù 2011.

Nike Okundaye, aláṣọ àdìrẹ, tó ti jẹ́ ìyàwó rẹ̀ rí, ọmọ Ògìdì ni òun náà. Ó dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ó sì tún dá òmíràn sílẹ̀ ní Ògìdì. Ẹ̀yin tó ń gba Kàbbà lọ sílé fún ọdún, ẹ yà síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ.