Ó Dì Ni, àbí Ó Tò?

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ọ̀rá PET, irú èyí tí wọ́n fi ṣe téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, kò ní pẹ́ kan ìṣòro. Whinfield àti Dickson ló ṣẹ̀dá èròjà yìí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1941. Kí ni ká wáá pe bó ṣe ń di kírísítálì?

Dídì ló máa kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu, torí òrí a máa dì, omi a sì máa dì. Àmọ́ ọ̀rá yìí ti gan kó tó di kírísítálì rárá. Wọ́n á yọ́ èròjà náà, wọ́n á dà á sórí àgbá irin tútù, á gan lójijì, á sì mọ́ gaara. Nínú rẹ̀, àwọn ẹ̀wọ̀n mólékù gígùn lọ́ mọ́ra rúdurùdu. Ohun tó kù ni kí wọ́n tò. Nítorí náà, ìtòjọ ni mo fara mọ́, láti inú tò, ọ̀rọ̀-ìṣe tó bí ètò.

Fà ńkọ́, àti nà? Ẹ jẹ́ ká lo méjèèjì: ẹ̀rọ ló ń fà, ọ̀rá ló ń nà. Ní nǹkan bíi 90°C, wọ́n á fà á gùn ní ìlọ́po 3 sí 4, wọ́n á sì tún fà á fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí òòyà ṣe ń tú irun tó ta kókó, bẹ́ẹ̀ ni ìfà ń to àwọn ẹ̀wọ̀n náà.

Ní ti ooru, Yorùbá ti ya rírọ̀ sọ́tọ̀ sí yíyọ́ tipẹ́. PET tí kò tíì tò ń rọ̀ láàárín 70°C sí 80°C. Kírísítálì rẹ̀ kì í yọ́ títí ooru fi tó nǹkan bíi 255°C. Àmọ́ ọ̀rá tí a kàn fà lásán yóò súnkì bí ooru bá tún kàn án. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dì í mú gírígírí gba inú ooru tó lé ní 200°C, kí kírísítálì tó ń dàgbà níbẹ̀ lè de àwọn ẹ̀wọ̀n mọ́ ipò wọn. Mo pe èyí ní ìfinádè.

Ní ti agbára, líle nìkan kò tó. Ohun tó gan kì í tètè nà. Ohun tó yi kì í tètè ya. Ọ̀rá tí a kò fà, tí ooru nìkan mú tò, á funfun, á gan, ṣùgbọ́n á máa ṣẹ́. Èyí tí a fà á gan, á sì yi, síbẹ̀ á mọ́ gaara, torí kírísítálì inú rẹ̀ kéré ju ohun tó lè fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ ní dídì á máa wá òtútù tó fa ọ̀rọ̀ yìí kiri. Èyí tó bá mọ ìtòjọ á béèrè ohun tó tò ó, á sì rí i pé ìfà àti ooru ni.