Sójà tó kọjá òkun, àti owó rẹ̀ tó dúró sójú kan

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àwọn ọmọ ilẹ̀ Kétu tí Faransé kó lọ sójú ogun. Kì í ṣe ọ̀gágun là ń sọ. Ọmọ ogun lásán ni, ẹni tó ń ro oko rẹ̀ kí wọ́n tó wá mú un.

Ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ wa. Mẹ́kọ, Ìdọ̀fà àti Ìláràá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Nígbà tí ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, Faransé ní kí àwọn olóyè máa fa ọ̀dọ́mọkùnrin sílẹ̀. Bí ìròyìn bá ti dé pé àwọn tó ń kó sójà ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin á di ẹrù lóru, wọ́n á sọdá ààlà sọ́dọ̀ ìbátan wọn. Agbo ilé mìíràn ṣí lọ pátápátá. Ìlú tí Dáhòmè fọ́ ní 1886, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí, tún ń tú. Àwọn Ọ̀họ̀rí ní tiwọn kò sá. Inú ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ dúdú wọn ni wọ́n ti kọjú ìjà sí Faransé.

Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, ó di èrò ọkọ̀ ojú omi. Ẹ rò ó wò: ẹni tó dàgbà ní Kétu, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n tí kànga sì jìn, ni wọ́n gbé sórí òkun tí kò rí etí rẹ̀. Òkun náà ní ikú tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1917, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì ri ọkọ̀ Sequana nítòsí etíkun Faransé. Ó lé ní 200 ènìyàn tó kú, sójà aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Ogun ti parí nígbà tí ọkọ̀ Afrique rì ní oṣù kìíní 1920. 192 sójà tó ń padà sí Áfíríkà ló wà nínú rẹ̀. Ẹni 34 péré ló yè nínú gbogbo èrò ọkọ̀ náà.

Ní 1919, Faransé fi òfin sọ iṣẹ́ ológun ọdún mẹ́ta di dandan, nítorí náà ogun kejì bá wọn ní sẹpẹ́. Àwọn tí Jámánì mú lẹ́rú ní 1940, tí wọ́n sì là á já, dé Thiaroye lẹ́bàá Dakar ní 1944. Wọ́n béèrè owó iṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn lù wọ́n. Iye tí Faransé kọ́kọ́ kà ni 35. Àwọn òpìtàn gbà pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó délé padà sídìí ọkọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ èdè Faransé díẹ̀, òun ni ará ilé ń mú dání bí wọ́n bá ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ kọmandáǹ. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà níbẹ̀, ó fi ń ra iyọ̀, ó fi ń san owó ilé ìwé ọmọ.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá 1959, nígbà tí Dáhòmè kò tíì gba òmìnira pàápàá, Faransé ṣe òfin kan tó so owó náà mọ́lẹ̀. Ẹni méjì jọ jagun, wọ́n jọ gbọgbẹ́. Ti ará Faransé ń lé sí i bí ọjà ṣe ń wọ́n, ti ará Kétu dúró síbi tó wà. Wọ́n ní a ti ní ilẹ̀ tiwa. Ìyẹn kò yé mi: ṣé nígbà tí wọ́n ń kó wọn lọ, wọ́n bi wọ́n léèrè ilẹ̀ ta ni?

Ọmọ Senegal kan, Amadou Diop, tó ṣiṣẹ́ ológun láti 1937 dé 1959, ló pe Faransé lẹ́jọ́. Ní oṣù kọkànlá 2001 ni ilé ẹjọ́ Conseil d'État ní Paris dá a láre. Síbẹ̀, ó di 2007 kí owó àwọn tó gbọgbẹ́ tó bá ti ará Faransé dọ́gba, ó sì di 2011 kí ti àwọn yòókù tó bá a. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn baba wa ti wà nínú ilẹ̀.