Láti Ewé Gbòdògí dé Páànù: Ìyípadà Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́ ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

A sábà máa ń sọ ìtàn ilé kíkọ́ nílẹ̀ Yorùbá bí ẹni pé ọjọ́ tí sìmẹ́ǹtì dé ni amọ̀ lọ. Ẹ̀rí tó wà ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ kò fara mọ́ èrò yìí. Òrùlé ló kọ́kọ́ yí padà; ògiri amọ̀ sì dúró sábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Amọ̀ tí a fi ẹsẹ̀ pò ni wọ́n fi ń mọ ògiri ní ìpele-ìpele. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gùn ún, ìdí nìyí tí ẹ̀ẹ̀rùn fi jẹ́ àsìkò ilé kíkọ́. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tó jáde ní 1921, a rí i pé koríko bẹẹrẹ ni àwọn ará ọ̀dàn fi ń bo ilé, tí àwọn ará igbó sì ń lo ewé gbòdògí. Ewé a máa jẹrà, iná a sì máa jó o, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni wọ́n fi ń rà á. Ọ̀wẹ̀ ni onílé ń bẹ̀: ẹbí, àna àti ẹgbẹ́ á péjọ, òun á sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu.

Ààfin Ọlọ́wọ̀, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 2000, fi hàn bí ọgbọ́n yìí ti lè gbòòrò tó. Ìròyìn fi yé wa pé àgbàlá rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ugha gẹ́gẹ́ bí ti Bìní, tó 100 nígbà kan. Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ àwọn mìíràn.

Ọkọ̀ òkun ló ń gbé páànù wá sí Èkó láti Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà mọ́tò tẹ̀lé e, owó kòkó sì sọ páànù di ohun tí àgbẹ̀ lè rà. Ṣùgbọ́n páànù kò dá wá: ó béèrè pákó, ìṣó àti káfíńtà. Ó tún bá òrùlé tó lọ tààrà mu ju igun àgbàlá lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé tí yàrá rẹ̀ yí àgbàlá ká fi àyè sílẹ̀ fún ilé tí yàrá rẹ̀ dojú kọra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ gbọọrọ.

Sìmẹ́ǹtì náà ti òkè òkun wá, títí ilé iṣẹ́ Nkalagu fi bẹ̀rẹ̀ ní 1957, tí ti Ewékorò sì tẹ̀lé e ní 1960. Rírẹ́ ara ògiri amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ fi ṣe kí búlọ́ọ̀kù tó gbòde. Nítorí náà, ojú ilé kò tó láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ewu sì wà níbẹ̀: sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin inú amọ̀ jáde, ògiri a sì máa jẹ láti inú.

Òkúta ẹfun tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà ní Òkèlúsè, ní Ọ̀sẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, ọjà ni onílé ibẹ̀ ti ń ra sìmẹ́ǹtì. Ohun tó yí padà jù lọ, nígbà náà, ni ọwọ́ tí ilé wà: ó kúrò lọ́wọ́ ọ̀wẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ owó. Bí a bá fẹ́ kí ugha tó kù dúró, dídáàbò bo ògiri nìkan kò tó; ìmọ̀ àwọn tó mọ amọ̀ pò gbọ́dọ̀ wà láàyè pẹ̀lú.