Ẹnu Ọ̀nà Ibi Ìkọ́lé: Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́, Òfin àti Lébìrà ní Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá dá lórí ẹnu ọ̀nà ibi ìkọ́lé. Bí ìjà bá dé láàrin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, ta ni òfin gbà láyè láti dúró níbẹ̀, kí ni ó sì lè sọ fún ẹni tí ó ń wọlé lọ ṣiṣẹ́? Píkẹ́tì ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń pe irú ìdúró yìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìwà jàgídíjàgan lásán ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ tí ìjọba ológun Yakubu Gowon ṣe ní 1973 sọ ọ́ gbangba pé ènìyàn lè dúró nítòsí ibi iṣẹ́ láti sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, tàbí láti fi pẹ̀lẹ́tù rọ ẹlòmíràn kí ó má ṣiṣẹ́. Inú òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1906 ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1973 yìí kan náà ni ilé-ẹjọ́ Shrewsbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé kan sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ níbi ìkọ́lé nígbà ìyanṣẹ́lódì 1972. Des Warren gba ọdún mẹ́ta, Ricky Tomlinson gba méjì. Ó di 2021 kí Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó fagi lé ìdájọ́ náà. Warren ti kú ní 2004.

Ibi ìkọ́lé le ju ilé-iṣẹ́ ńlá lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Agbaṣẹ́ṣe ńlá a gba iṣẹ́, a sì pín in fún àwọn kéékèèké. Bí àwọn kápíńtà bá ń bá ọ̀gá tiwọn jà, ṣé wọ́n lè rọ bíríkìlà tí ọ̀gá tirẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà sílé? Ní Amẹ́ríkà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dáhùn ní 1951, nínú ẹjọ́ kan láti Denver, pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Àwọn aṣòfin fẹ́ yí i padà, ṣùgbọ́n Ààrẹ Ford kọ̀ láti fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 1976. Ní tiwa, nígbà tí wọ́n dá NLC sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 1978, ìjọba ti kó àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké jọ sí 42, ẹ̀ka iṣẹ́ kan sí ẹgbẹ́ kan. Lójú tèmi, ètò yìí yanjú ìdajì ìṣòro Amẹ́ríkà láìsí àríyànjiyàn kankan.

Ìdajì kejì ni ó ṣòro. Lẹ́yìn àwọn ìyanṣẹ́lódì orí owó epo tí Adams Oshiomhole ṣáájú, ìjọba Ọbásanjọ́ tún òfin náà ṣe ní 2005: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ fipá mú ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọ inú ìyanṣẹ́lódì, wọn kò sì gbọdọ̀ dí ọ̀nà tàbí ẹnu ọ̀nà ilé. Fífi ipá mú ni ó kà léèwọ̀; kò ka rírọ̀ léèwọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ ẹgbẹ́ níbi ìkọ́lé Ìbàdàn? Láti ìgbà tí Bódìjà ti ń gòkè ní nǹkan bí 1959, tí Ilé Kòkó sì parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965, ìlú ti tàn dé Àgbowó àti Challenge. Púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, lébìrà tí a gbà ní òwúrọ̀ tí a sanwó fún ní ìrọ̀lẹ́ ni ó po sìmẹ́ǹtì wọn. Kò ní káàdì ẹgbẹ́. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń sọ pé píkẹ́tì kò kàn án.

Èmi kò gbà. Òfin 1973 kò sọ pé ẹgbẹ́ nìkan ni ó lè dúró. Ó fún àwọn tí ń ṣojú ara wọn láyè pẹ̀lú, níwọ̀n ìgbà tí aáwọ̀ iṣẹ́ bá wà. Ìkìlọ̀ 2005 sì dojú kọ ẹgbẹ́ àti ọmọ ẹgbẹ́, kò dárúkọ lébìrà. (Kì í ṣe pé ó lè dí títì o; òfin mìíràn wà fún ìyẹn.) Bí agbaṣẹ́ṣe bá jẹ mẹ́wàá nínú wọn lówó ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n sì sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí ó ń wọlé. Àyè náà ti wà láti 1973. Ohun tí ó ń lé lébìrà wọlé ni pé, bí ó bá dúró níta títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí owó ọjọ́ náà, ẹlòmíràn yóò sì ti gbé ṣọ́bìrì rẹ̀.